Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí kámẹ́rà tuntun

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàálé rẹ, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ kú òtútù Kánádà o. Ara Màmá le dáadáa. A pàdé ní ọjà Òkè-Ajé, wọ́n sì ní kí n kí yín.

O kú oríire kámẹ́rà tuntun! O ní bọ́tìnì rẹ̀ pọ̀, o ò mọ èyí tí o máa kọ́kọ́ tẹ̀. Fi bọ́tìnì sílẹ̀ ná, ìmọ́lẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ máa wá. Kí o tó gbé kámẹ́rà sójú, wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá: ṣé ojú ẹni tí o fẹ́ yà ló ń tàn sí ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀? Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń da òjìji sínú ihò ojú àti sábẹ́ imú, pàápàá bí ẹni náà bá wé gèlè tàbí dé fìlà. Òwúrọ̀ dára, ìrọ̀lẹ́ náà dára. Bí ọ̀sán bá ká ọ mọ́, mú onítọ̀hún lọ sábẹ́ ìbòòji kí ó kọjú síta. Nínú ilé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí àwọn ọmọ jókòó sí, kí o sì pa iná òkè, torí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àti ti ojúmọ́ kì í dọ́gba.

Èyí tí ó wù mí kí o di mú jù lọ nìyí. Kámẹ́rà kò mọ ohun tí ó ń wò. Ó máa ń ka gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ sí ohun tí kò funfun tí kò sì dúdú, bí àwọ̀ eérú, á sì máa wá bí yóò ṣe sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí yìnyín tó bo ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín yóò fi rí bí eérú nínú fọ́tò. Bí Màmá bá wọ léèsì funfun, tí léèsì náà sì gba ibi tó pọ̀, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú Màmá á sì ṣókùnkùn débi pé o ò ní rí ẹ̀rín wọn. Nítorí náà, lórí róbótó orí kámẹ́rà, kúrò ní Auto, tó ń dá gbogbo nǹkan ṣe, bọ́ sí P, tó máa jẹ́ kí o lè dá sí i, kí o wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ + àti − sí lára. + ń mú fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i, − ń mú un ṣókùnkùn sí i. Gbé e sí +1 fún léèsì funfun, fún yìnyín, tàbí nígbà tí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn ẹni tí o ń yà. Bó bá jẹ́ aṣọ dúdú ló gba gbogbo fọ́tò, gbé e sí −1 kí aṣọ náà má baà dà bí èyí tó ti ṣá. Wo fọ́tò náà, tún un yà. Láyé fíìmù, káàdì tí ilé-iṣẹ́ Kodak ṣe fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi yẹ àwọ̀ wò, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi awọ ẹlòmíràn wọn tiwa. Má jẹ́ kí kámẹ́rà bá ọ pinnu bí àwọ̀ Màmá yóò ṣe rí.

Ní ti àwọn ọmọ tí kì í dúró síbì kan, yí róbótó orí kámẹ́rà náà sí S (bí Canon bá ni, Tv ni wọ́n kọ síbẹ̀), kí o fi sí 1/500, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá ni kámẹ́rà á fi gba ìmọ́lẹ̀. Bí o bá wálé fún Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Ìléyá, 1/1000 ni kí o fi yà àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun, kí pátákò ẹṣin lè dúró gbọn-in nínú fọ́tò. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, gbé ISO sókè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré. Fọ́tò á hu kóró díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí tó dàrú lọ. Ẹyinjú ni kí o jẹ́ kí kámẹ́rà dì mọ́, kí o sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ojú ọmọ wà. Fọ́tò ọmọdé tí a dúró yà láti òkè kì í wù mí rárá.

Òtútù máa ń tètè fa bátìrì gbẹ. Fi èyí tó ṣẹ́kù sínú àpò inú kóòtù rẹ. Bí o bá ti ìta wọlé, kámẹ́rà náà kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọ̀rá tí o ti dì í sí láti ìta, títí tí ara rẹ̀ á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi má baà sẹ̀ sára lẹ́ǹsì.

Bẹ̀rẹ̀ lọ́la, nítòsí fèrèsé, pẹ̀lú àwọn ìbejì. Kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n Document ni kí o yàn, torí bí o bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, mi ò ní lè rí ojú wọn dáadáa. Màmá náà ń retí tiwọn. Èmi ni máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún wọn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, onífọ́tò.