Àbẹ̀kẹ́, Bac tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́

Àjàṣẹ́, oṣù kọkànlá, 2025

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́. Inú mi dùn pé ara rẹ le, tí òtútù Lyon kò sì tíì mú ọ bíi ti èṣí. Bá mi kí àǹtí rẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti ní 7 nínú 20 lo gbà nínú ìtàn àti jọ́gíráfì, tó o wá ń rẹ́rìn-ín pé, "Màámi, ẹ má dààmú, ṣebí oṣù kẹfà ni Bac," ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

O rò pé bí Bac, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Benin níhìn-ín ni ti France tó o wà rí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Sakété, ohun tí wọ́n kọ ní oṣù kẹfà ni wọ́n fi yege, òun náà ni wọ́n fi ṣubú. France ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí wọ́n ṣì ní ẹ̀ka L (lítíréṣọ̀), ES (ètò ọrọ̀ ajé) àti S (sáyẹ́ǹsì). Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti yí i padà. Nínú ìwọ̀n 100, 40 ń wá láti inú máàkì kíláàsì ní Première àti Terminale, ọdún méjì tó kẹ́yìn ní girama; 60 tó kù ni ti ìdánwò gan-an. Faransé tó o ṣe lésìí, àkọsílẹ̀ àti àfẹnusọ, ti kó 10 nínú 60 yẹn. Spécialité rẹ méjèèjì, ìyẹn iṣẹ́ tó o fúnra rẹ yàn, 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fìlọ́sọ́fì 8, Grand oral, ìdánwò àfẹnusọ ìparí, 10. (Ti àwọn àbúrò yín yóò tún yàtọ̀ díẹ̀, torí ìdánwò ìṣirò ń bọ̀ ní Première láti oṣù kẹfà 2026.)

Wá jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní nǹkan kò rọgbọ, tí moyenne (ìpíndọ́gba) rẹ nínú gbogbo ìdánwò jẹ́ 8 nínú 20. Bí ti kíláàsì bá jẹ́ 13, wàá bọ́ sórí 10 géérégé, o ti gba Bac nìyẹn. Bó bá jẹ́ 9, 8.4 ni wàá ní, wọ́n á ní kó o wá fún rattrapage: wàá yan iṣẹ́ méjì nínú èyí tó o kọ sílẹ̀, wàá fẹnu sọ wọ́n níwájú olùkọ́ fún ogún ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá o bọ́ sí 10. Bí ti kíláàsì bá wá jẹ́ 6, 7.2 ni, kò sí rattrapage fún ẹni tí kò tó 8. Ìdánwò kan náà ni ẹni mẹ́ta yìí kọ o.

Eré ìdárayá tó o ń sá fún yẹn, ìwọ̀n 6 ló ní, bákan náà pẹ̀lú ìtàn. Fìlọ́sọ́fì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, 8 péré ni. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní fìlọ́sọ́fì, ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni Parcoursup, ibi tí ẹ ti ń wá àyè sí ilé ìwé gíga lórí ayélujára. Oṣù kẹta ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ibi tí ẹ ti ń yan ilé ìwé tí ẹ fẹ́, ẹ ò sì lè yan ju 10 lọ. Kí ni àwọn ilé ìwé yẹn máa fi mọ̀ ọ́? Wọn kò tíì rí máàkì spécialité rẹ, torí oṣù kẹfà lo máa kọ ọ́. Ìwé máàkì Première, ti sáà méjì àkọ́kọ́ ní Terminale, ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti Faransé, ìyẹn ni wọ́n ní lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni èsì á ti máa wọlé, kó o tó jókòó ti ìwé fìlọ́sọ́fì. Nítorí náà, 7 yẹn ti ń rìn lọ síwájú rẹ. Lọ bá olùkọ́ ìtàn, béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé rẹ, kí sáà yìí tó parí.

O tún ní ohùn Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ ń tì ọ́ lójú nítorí Grand oral. Ìdúró ni wàá wà, ìwé ò ní sí lọ́wọ́, wàá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, olùkọ́ méjì á sì bi ọ́ ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Ìbéèrè méjì lo máa múra sílẹ̀ láti ilé, àwọn ni wọ́n á mú ọ̀kan. Àlàyé tó yéni ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohùn Paris. Ṣé o mọ̀ pé láti 1808 tí Napoléon ti dá Bac sílẹ̀, 1861 ni obìnrin tó kọ́kọ́ gbà á tó gbà á? Julie-Victoire Daubié ni, ẹni ọdún 37, ní Lyon tó o wà yẹn gan-an. Kò jọ pé obìnrin náà rí obìnrin bíi tirẹ̀ nínú yàrá ìdánwò.

Yan ìbéèrè rẹ méjèèjì kí ìsinmi Kérésìmesì tó dé. Bó o bá ti yàn wọ́n, gba ohùn rẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Má kà á látinú ìwé o, màá mọ̀.

Ìyá rẹ