Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Jókòó Níbi Tí Ẹ Ti Ń Jíròrò Owó Ìlera

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìsánlú, àti gbogbo kánsẹ́lọ̀ wa.

Ẹ̀yin àgbà wa, Ọ̀kun o.

Àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí agbègbè yìí la kọ̀wé yìí, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n mọ abẹ́rẹ́ í gún, wọ́n mọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ í wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí ìjọba sì gbọ́, ìyẹn kò yé wọn tó.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àìsàn tí à ń tọ́jú, ọ̀dọ̀ yín ni oògùn rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ omi àdúgbò bá bàjẹ́, odò làwọn ará ibẹ̀ ń padà sí. Ọmọ á máa yàgbẹ́ gbuuru, a ó fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú oògùn sínǹkì, ara rẹ̀ á yá, á sì tún lọ mu omi odò yẹn náà. Ibà Lassa ńkọ́? Òǹdó àti Ẹdó tó ti ń jà gan-an bá ìpínlẹ̀ wa, Kogí, pààlà, eku ló sì ń gbé e kiri. Nọ́ọ̀sì kò lè fi abẹ́rẹ́ kó ààtàn ọjà.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ètò ìlera. Òfin ìlera ti 2014 náà ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Oògùn, àjẹsára àti àtúnṣe ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èyí á mọ ohun tó yẹ kó béèrè nígbà tí àpótí oògùn bá ṣófo.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò gba owó. Nígbà ìjíròrò bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó tì yín, kí wọ́n ka ìwé ojú kan lórí ìṣòro kan ṣoṣo tí wọ́n rí ní wọ́ọ̀dù (àdúgbò tí kánsẹ́lọ̀ kan ń ṣojú fún): ohun tó fà á, àwọn tó ń bá jà, iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná. Kí kánsẹ́lọ̀ ibẹ̀ sì dá wọn lóhùn, kódà bó jẹ́ “owó kò sí” ni. Kí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù náà máa pè wọ́n sípàdé. Àwa la ó yẹ ìwé wọn wò; orúkọ aláìsàn kankan kò ní jáde.

Àwọn kan á ní òṣèlú la fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Rárá o. A kò ní ṣe é lásìkò ìpolongo ìbò rárá (a mọ ìlú wa).

À ń retí èsì yín kí ìjíròrò bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Alága àti Akọ̀wé,
lórúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí agbègbè Ìsánlú.