Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó tán

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Àkúrẹ́ Oyèmẹkùn, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún ní Oǹdó, ẹ̀yin ti Ìdànrè àti Òkè-Igbó, níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń ka eléyìí lórí fóònù yín, mo kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn òbí yín ńkọ́? Mi ò ní fi ìkíni fa ilẹ̀ torí ọkàn mi ò lélẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá mú ọmọ kan lọ ládùúgbò wa.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ń ta bọ̀ọ̀lì, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jókòó sí. Iṣẹ́ télọ̀ lọmọ náà ń kọ́, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́ gan-an ni, òun ló rán bùbá tí mo wọ̀ síbi ìnáwó ẹ̀gbọ́n mi, bí ọrùn aṣọ yẹn ṣe jókòó lọ́rùn mi, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń bi mí pé ta ló rán an. Oṣù mẹ́rin ló kù kó ṣe fírídọ̀mù.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tó ń gbé sórí status WhatsApp ẹ̀. Ẹ mọ fíìmù Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, eléyìí tó jáde lórí Netflix lọ́dún 2022. Ibì kan náà ló máa ń gbé síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ibi tí Ṣàró ti di ẹni ńlá, tó ń jí òkú, tí gbogbo ìlú ń wárí fún un, tí ìyàwó ń pọ̀ sí i nílé. Ọmọ yìí á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìgbà tòun náà ń bọ̀. Mo pè é lọ́jọ́ kan tó wá ra omi. Mo ní, ṣé o wo fíìmù yìí tán? Ó ní, "Màmá, mo mọ̀ ọ́n, mo ti wo rìkáàpù ẹ̀." Mo ní kí ló ń jẹ́ rìkáàpù? Ó fi hàn mí. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí ajá ń lé bọ̀, fíìmù tó ju wákàtí méjì lọ, ó fi ìṣẹ́jú mélòó kan rò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí ò tiẹ̀ wo ìyẹn náà tán! Ó ti fi ìka ti ibòmíì wá sójú kó tó dé àárín.

Oṣù kejì ló fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mi ò tún nílò kí n máa ròyìn bó ṣe lọ, gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin ń ṣe lóru tí wọ́n ń fi ọ̀sán sùn. Ìdájí ọjọ́ kan ni wọ́n wá kó òun àti àwọn méjì míì. Ìyá ẹ̀ gbé bọ̀ọ̀lì sórí iná lọ́jọ́ yẹn tí gbogbo ẹ̀ jóná di èédú, kò yí i, ó kàn jókòó.

Àwọn kan máa sọ pé fíìmù ló ba ọmọ jẹ́. Mo ti gbọ́ ọ tó ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti sọ ọ́ sí mi lójú nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Irọ́ ni. Fíìmù yẹn gan-an kìlọ̀ fún un. Ẹni tí ò bá tíì wò ó, ẹ dákun, mo fẹ́ sọ ìparí ẹ̀ báyìí. Ahunṣọ ni Ṣàró, aṣọ òfì ló ń hun, iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Agbára tó fi ń jí òkú kì í ṣe tiẹ̀, Àrólákẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló gbà á fún un lọ́wọ́ ẹyẹ Àkàlà. Nígbà tó yá tí ojú ẹ̀ ṣú, tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi kí wọ́n foun ní ọmọbìnrin ọba kóun tó jí i. Ọjọ́ tó yẹ kí agbára yẹn jẹ́ fún un níwájú gbogbo ìlú, kò jẹ́. Ibi tí fíìmù ń lọ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀! Ibẹ̀ ni Kúnlé ń mú wa lọ. Ọmọ yìí wá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láàárín ọ̀nà, ó ní òun ti dé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ ò kì í débi ìparí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tó ogójì ọdún ní Àkúrẹ́ á rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù fídíò wà káàkiri, èmi náà ní ọ̀kan ní ọ̀nà Ìjọ̀ka. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń yá èèyàn nígbà yẹn, dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀, tó ní ihò méjì. Òfin mi ni pé kó o yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó o tó dá a padà. Ọ̀pọ̀ ò kì í yí i. Èmi ni mo máa ń kì í bọ inú ẹ̀rọ kí n yí i, àmọ́ kí n tó yí i, mo máa ń wo ibi tó dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè mọ nǹkan tí mo ti rí kọ́ níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó wo fíìmù tán, mo mọ ẹni tí oorun gbé lọ, mo mọ ẹni tí NEPA múná lójú ẹ̀, torí olúwarẹ̀ á padà wá yá a lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́dún 1999 tí Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání jáde, mi ò sinmi. Bàbá kan wà, ó ń ṣe káńsílọ̀ tàbí ó fẹ́ ṣe é, mi ò rántí mọ́. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà láàárọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lápitẹ̀ yẹn gbọ́n o, ọba tó mọ nǹkan tó ń ṣe." Mo kì í bọ ẹ̀rọ. Ibi tí àwọn agégi ti ń wá fún ọba lówó ló dúró sí. Mo ní bàbá, ẹ gbé e padà, mi ò gba owó kankan lọ́wọ́ yín, ẹ lọ wò ó tán. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹ̀ ló fi rán wá, òun fúnra ẹ̀ ò wá. Kásẹ́ẹ̀tì ti dé ìparí, wọ́n tún ti yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá mọ fíìmù yẹn mọ ohun tí ìlù ṣe fún ẹni tó fi ipá gbé adé dérí láìsín gbẹ́rẹ́.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fẹ́ràn gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá wò o. Èmi náà ní tèmi. Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, ti 2023, ogun inú ẹ̀ pọ̀ jù fún mi, etí mi ń dún fún odidi ọjọ́ kan, àmọ́ Gbọ́tijà tó ń bá igi sọ̀rọ̀ yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀, mo ń gbàdúrà fún un bí ẹni pé ọmọ mi ni. Aníkúlápó náà, mo rò pé ibi tó ti ń fẹ́ Olorì ní Ọ̀yọ́ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo wò ó tán kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ìwọ tó o wo ìṣẹ́jú kan, tó o wá ń bá àgbà jiyàn pé fíìmù náà ò dáa, tàbí pé ó dáa, níbo lo ti rí i?

Ẹ má bínú, ohùn mi ti ń lọ sókè.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Oǹdó, wọ́n gbé fíìmù Ògúǹdé wá, Aiyé, ti 1979. Inú gbọ̀ngàn ni, àga onígi, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, ẹ̀rọ ń dún kàkà-kàkà lẹ́yìn wa. A ti san owó, a ti jẹ ẹ̀pà tán, àwọn àjẹ́ ń da ìlú láàmú lójú wa, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe kú nìyẹn. Òkùnkùn biribiri. Mo rò pé àwọn èèyàn á dìde máa lọ, torí ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀pọ̀ ló sì máa rìn dé Yaba àti Sábo. Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò dìde! Ẹnì kan lọ wá epo, a jókòó sínú òkùnkùn, àwọn ọmọdé ti ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá wọn, ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi ń wí pé òun ò lè lọ sùn láìmọ̀ bóyá àwọn àjẹ́ yẹn ló borí. Nígbà tí iná dé, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo bí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. A délé lóru, bàbá mi sì lù mí. Mi ò kábàámọ̀.

Bàbá mi tó lù mí yẹn náà, òun ló kọ́ mi. Oko kòkó ẹ̀ wà lọ́nà Òkè-Igbó, ìlú Fágúnwà nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Oǹdó, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ẹ máa fi yangàn. Ó ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1938, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, okùn ló fi dì í. Lálẹ́, ìyá mi á máa pa ẹ̀gúsí, bàbá á gbé àtùpà sítòsí, á máa kà á sókè. Àwa ọmọdé, Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún la fẹ́ gbọ́, a ó ní kó padà síbẹ̀. Bàbá ò kì í dá wa lóhùn. Ó ní a ń lọ sọ́dọ̀ Ìrágbèje. Gbogbo alẹ́ ló ń sọ ọ́, "a ń lọ sọ́dọ̀ Ìrágbèje," bí ẹni tó ń mú wa rìn lójú ọ̀nà. Nígbà tá a wá dé Òkè Láńgbòdó pẹ̀lú Kàkó àti Ìmọ̀dóyè àti àwọn yòókù, tí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sílé oníyàrá méje yẹn, tí Ìrágbèje fi ọjọ́ méje bá wọn sọ̀rọ̀, bàbá ń rọra kà á. Mi ò lóye ìdajì ẹ̀ nígbà yẹn. Mo lóye ẹ̀ nígbà tí mo bímọ.

Lónìí, bí mo bá béèrè Fágúnwà lọ́wọ́ yín, Agbákò nìkan lẹ mọ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i?

Mo mọ̀ pé dáta wọ́n. Mo mọ̀ pé iná ò sí. Ẹni tó bá sọ pé òun ò rówó wo odidi fíìmù, mi ò ní bá a jà. Àmọ́ dáta tẹ́ ẹ fi ń wo ogójì fídíò kéékèèké láti alẹ́ dàárọ̀, ṣé ọ̀fẹ́ ni? Ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́rin, ẹ dáwó, ẹ wo ẹyọ kan lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má fi ọwọ́ sí i kó máa sáré. Ibi tí olùdarí bá ti dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú àgbàlagbà kan bẹ́ ẹ bá rí i, torí ó máa rí nǹkan tẹ́yin ò rí, ẹ̀yin náà á sì rí tiyín. Tí obìnrin bá ń wọ olekú nílé ìyàwó, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé Ó Le Kú, fíìmù tí wọ́n fi ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe lọ́dún 1997, ló sọ aṣọ yẹn lórúkọ. Ẹ máa béèrè nǹkan.

Ọmọ ọmọ mi kan wà ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá ló wá sọ́dọ̀ mi, mo fún un ní Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ìwé 1969. Ojú-ewé kẹta ló dé, ó gbé fóònù, ó fẹ́ kí fóònù sọ fún un bó ṣe parí. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi sábẹ́ pílò mi, mo jókòó lé e. Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ di alẹ́. Ìgbà tí mo jí lóru láti tọ̀, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, kò tíì fọ ẹnu tó fi bi mí pé, "Màmá, irú ọlọ́pàá wo ni Lápàdé yìí?" Mo ní ọlọ́pàá ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ò fi í sílẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ ògì àti àkàrà tán. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọmọ télọ̀ yẹn ò tíì padà sílé. Ìyá ẹ̀ ti padà síbi bọ̀ọ̀lì ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Mo ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀ bá dé, kó mú un wá sọ́dọ̀ mi lálẹ́, màá tan jẹnẹrétọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ wo fíìmù Ṣàró yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, màá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ yá Àjà Ló Lẹrù lọ́wọ́ mi, kó wá sí ọ̀nà Ìjọ̀ka, kó béèrè Màmá Fídíò. Ojú-ewé tó kẹ́yìn ti ya díẹ̀, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé kà.