Àbẹ̀kẹ́ mi, fún igbákejì rẹ láyè

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ipò ọ̀gá ilé-ìwé tí o wà yìí ń dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ìpè wa alẹ́ ọjọ́ Àìkú kò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní kí n dúró ná, kí o dá òbí kan lóhùn lórí WhatsApp. Aṣọ òtútù ọmọ rẹ̀ ló sọnù. Ṣé ìyẹn ò lè di àárọ̀ Mọ́ńdè ni?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kì í tán. Olùkọ́ kan ò wá, o ń wá ẹni tí yóò dúró fún un. Ọmọ méjì jà, àwọn òbí wọn ti dé. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀. Kí o tó jókòó ti ìwé, agogo ìparí ti lù, ni ìwé bá bá ọ wálé. Èyí tó wúwo jù ni ọmọ tí wọ́n ń lù nílé, tó wá sọ fún ọ. N kò ní kí o má gbé e sọ́kàn o. Má ṣáà dá a gbé.

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Jọ̀ọ́, ka tìrẹ, kí o ka ti òru mọ́ ọn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Igbákejì rẹ wá ńkọ́? O ní o pín iṣẹ́ fún un, síbẹ̀ gbogbo lẹ́tà tó bá kọ lo tún ń kà látòkè délẹ̀, kò sì lè fún olùkọ́ láyè ọjọ́ kan àfi tí o bá fọwọ́ sí i. Àbẹ̀kẹ́, o ò tíì pín nǹkan kan. Fi ètò àkókò ẹ̀kọ́ lé e lọ́wọ́ pátápátá. Tó bá ṣàṣìṣe, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Sọ ọ́ lójú gbogbo olùkọ́ pé òun ni kí wọ́n lọ bá, bí wọ́n bá sì tún wá bá ọ, dá wọn padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò nira, torí o mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Fara dà á.

Ti fóònù, ẹ ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì nìkan, kí ẹ̀yin méjèèjì máa gbà á lọ́wọ́ ara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bá a sọ̀rọ̀ kí sáà tuntun tó wọlé.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Ìyá rẹ