Ìgbà wo gan-an ni Göran Persson gba Swídìn lọ́wọ́ gbèsè?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí ilẹ̀ Swídìn ṣe bọ́ lọ́wọ́ gbèsè wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ẹ kọ ọ́ pé ọdún mẹ́wàá tí Göran Persson fi jẹ́ olóòtú ìjọba, láti 1996 sí 2006, ló fi tún owó ìlú ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa jókòó sórí àga olóòtú ìjọba lóṣù kẹta ọdún 1996, èyí tó pọ̀ jù nínú ìpinnu tó le ti kọjá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìgbà tó wà nípò mínísítà ìṣúná ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, láti oṣù kẹwàá 1994. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà sí ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀, a ò ní rí ọ̀nà tó gbà ṣe é, ọ̀nà yẹn gan-an ló sì ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ìlú Vingåker ní àgbègbè Sörmland ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1949. Inú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Social Democrats, tí wọ́n ń pè ní SSU, ló ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú. Ó tún ṣiṣẹ́ fún ABF, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀ láti máa fi kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1979 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Stockholm. Nígbà tó di 1985, ó kúrò níbẹ̀, ó padà sílé láti lọ ṣe olórí ìjọba ìbílẹ̀ Katrineholm, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn títí di 1989. Ẹni tí kò mọ bí Swídìn ṣe rí lè rò pé ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Swídìn, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtọ́jú ọmọdé àti ìtọ́jú àwọn arúgbó, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba olùtọ́jú arúgbó mẹ́wàá sí i ní láti sọ lójú ẹsẹ̀ ibi tí owó wọn yóò ti wá. Ẹ̀kọ́ tó gbé lọ sí Stockholm nìyẹn.

Bí nǹkan ṣe wá bàjẹ́ tó nígbà tó débẹ̀ ló yẹ kí òǹkàwé mọ̀. Láti 1991 sí 1993, ọrọ̀ ajé Swídìn ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún, ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe, tí wọn kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1990, ti lé ní ìdá 8 nígbà tó di 1993. Àwọn báńkì tó ti yáni lówó ilé àti ilẹ̀ láìwo iwájú di ẹni tí ìjọba ń fowó gbé dìde. Lóṣù kẹsàn-án 1992, Riksbank, ìyẹn báńkì àpapọ̀ wọn, gbé èlé tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn báńkì dé ìdá 500 nínú ọgọ́rùn-ún kí iye krona, owó ilẹ̀ wọn, má baà já. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, apá wọn ò ká a mọ́, wọ́n bá fi krona sílẹ̀ kó máa lọ síbi tí ọjà bá gbé e lọ. Bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, owó orí tó ń wọlé ń dín kù, owó ìrànwọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Ní 1993, iye tí ìjọba fi ná kọjá owó tó wọlé lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun gbogbo tí orílẹ̀-èdè náà pèsè lọ́dún. Lóṣù keje 1994, ọ̀gá Skandia, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ńlá kan nílẹ̀ wọn, jáde wá sọ pé àwọn ò ní ra ìwé gbèsè ìjọba mọ́ àfi tí ìṣúná bá tún ṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ ẹni bá sọ irú èyí, kí ni àjèjì yóò sọ?

Social Democrats wọlé ìbò lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Ingvar Carlsson di olóòtú ìjọba, Persson sì gba ìṣúná. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ rí, láàárín iye tí wọ́n dín kù nínú ìnáwó àti owó orí tí wọ́n fi kún un, jẹ́ bílíọ̀nù 125 krona, tí wọ́n pín sí ọdún 1995 títí di 1998. Ó súnmọ́ ìdajì ìnáwó, ìdajì owó orí. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀. Owó tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ àti ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, wá sí ìdá 75 ní 1996. Owó ọmọ tí gbogbo òbí ń gbà lóṣooṣù já láti 750 krona sí 640. Àwọn tówó oṣù wọn ga rí i pé owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí apá òkè owó náà gòkè láti ìdá 20 sí ìdá 25. Lọ́wọ́ kejì, wọ́n dín owó orí tó wà lórí oúnjẹ lọ́jà kù láti ìdá 21 sí ìdá 12.

Ohun tó mú kí ètò náà kọjá ni pé ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Bí wọ́n bá gbé owó ọmọ nìkan wá, àwọn òbí yóò dìde. Bó bá jẹ́ owó orí nìkan, àwọn olówó yóò pariwo. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kan ṣoṣo, kálukú rí i pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun náà ń san tirẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjókòó 161 nínú 349, kò tó láti dá nǹkan kọjá. Nítorí náà, láti ìgbà ìrúwé 1995, ó bá ẹgbẹ́ Centre, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà kan rí, da ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé pọ̀ títí di 1998. Bó ti ń ṣe èyí ló tún ń lọ bá àwọn tó ń yá ìjọba lówó ní New York láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìtìjú ńlá ni fún òun.

Mi ò ní bo apá tó dun àwọn èèyàn mọ́lẹ̀. 110 krona tí wọ́n yọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣù kò jẹ́ nǹkan kan fún dókítà, ṣùgbọ́n ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn dá òṣìṣẹ́ dúró, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó fi máa di 1998, owó ọmọ ti padà sí 750, ìdá 75 sì ti padà sí 80, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò rí iṣẹ́ náà gbà padà.

Ọ̀rọ̀ tó kù sí mi ní ikùn jù ni gbèdéke ìnáwó, torí àpilẹ̀kọ yín kò mẹ́nu kàn án rárá. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Àìsàn tó wà lára Swídìn ju owó tí kò tó lọ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìṣúná ló ṣàìsàn. Ìwádìí kan ní 1992 fi wọ́n wé àwọn orílẹ̀-èdè Àwùjọ Yúróòpù ìgbà náà lórí bí òfin ìṣúná wọn ṣe lágbára tó: Ítálì nìkan ló wà lẹ́yìn Swídìn. Tẹ́lẹ̀, ìgbìmọ̀ kéékèèké nílé aṣòfin a máa pinnu owó ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìjọba lè para pọ̀ fi owó kún nǹkan kan láìsọ ibi tí yóò ti wá. Àpapọ̀ ìnáwó wá di ohunkóhun tí ìṣirò bá mú jáde níparí. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ owó ló jẹ́ àfojúbù lásán: bí àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i bá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, iléeṣẹ́ ìjọba á máa san án lọ láìbi ẹnikẹ́ni.

Ètò tuntun, tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún ìṣúná 1997, yí ìtẹ̀léra ọ̀rọ̀ padà. Nígbà náà, lóṣù kẹrin ọdún, ìjọba á gbé ìwé ìgbà ìrúwé wá, ilé aṣòfin á sì sọ iye tí ìnáwó kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dún mẹ́ta síwájú, ní iye krona gan-an. Ti ọdún méjì tó sún mọ́ jù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti ọdún kẹta nìkan ni wọ́n ń fi kún un. Èlé orí gbèsè kò sí lábẹ́ gbèdéke náà, torí ìjọba kò lè pàṣẹ fún èlé, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó wà níbẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án, ìwé ìṣúná á dé, tí wọ́n ti pín owó sí ẹ̀ka 27. Nígbà ìwọ́wé, ilé aṣòfin á dìbò kan ṣoṣo lórí àpapọ̀ náà pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pín in sí ẹ̀ka 27 ọ̀hún. Ẹgbẹ́ tí kò bá fara mọ́ ti ìjọba gbọ́dọ̀ gbé odidi ìṣúná tirẹ̀ wá, odidi ni wọn yóò sì fi dojú kọ odidi. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìgbìmọ̀ á tó wọ inú ẹ̀ka tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó kún nǹkan kan á yọ ọ́ lára nǹkan mìíràn nínú ẹ̀ka yẹn kan náà.

Ẹ rí ìdí tí èyí fi gba ìjọba tí kò ní ọ̀pọ̀ ìbò là. Lẹ́yìn ìbò 1998, ìjókòó 131 péré ló kù sí Persson lọ́wọ́, ó sì ń gbára lé ẹgbẹ́ Left àti Green. Lábẹ́ ètò àtijọ́, àwọn tó kù ìbá ti fà á ya lẹ́ka lẹ́ka. Lábẹ́ ètò tuntun, ohun tó nílò ni kí ìṣúná alátakò kankan má ní ìbò ju tirẹ̀ lọ.

Kí a má sì gbé oyè oníoyè fún un. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀nà ìdìbò onígbèsẹ̀ méjì yìí lábàá, nígbà tí Carl Bildt, tó ṣáájú Carlsson, ṣì jẹ́ olóòtú ìjọba. Erik Åsbrink, tó gba ipò mínísítà ìṣúná lẹ́yìn Persson, ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí òfin ìṣúná jáde ní 1996. Ti Persson ni pé ó gbé gbèdéke náà kalẹ̀, ó sì gbà kó so òun náà lọ́wọ́ nígbà tó di olórí.

Kò so ó tán, o. Lábẹ́ gbèdéke, wọ́n máa ń fi àlàfo sílẹ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọdún 2000 wọlé tí owó ń wọlé dáadáa, ìjọba ń ná àlàfo náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí kò sí àyè mọ́, wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé: ìrànwọ́ fún ilé iṣẹ́ tó bá gba òṣìṣẹ́, dípò kí wọ́n san án bí ìnáwó, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó orí ilé iṣẹ́ náà. Lórí ìwé, ìnáwó ò pọ̀, owó tó wọlé ló dín. Ibi tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe òfin gbèdéke máa wò nìyẹn, torí owó kan náà ló jáde. Síbẹ̀ gbèsè ìjọba, tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ọdún ní 1996, ti wá sí bíi ìdá 45 nígbà tó di 2006.

Ìwà tó fi ṣe iṣẹ́ yìí ló ṣe é níbi níbòmíràn. Lóṣù kejìlá 1989, nígbà tó jẹ́ mínísítà ilé ẹ̀kọ́, ó fi ìbò 162 sí 157 gbé àwọn olùkọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí àwọn olùkọ́ tilẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí ìjọba tí Leif Lewin ṣe, tó jáde ní 2014, sọ pé ìgbésẹ̀ náà kùnà. Lẹ́yìn omíyalé ilẹ̀ Éṣíà ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2004, tó pa ọmọ Swídìn 543, ìgbìmọ̀ ìwádìí dá a lẹ́bi pé kò sí ètò fún àjálù nínú ọ́fíìsì ìjọba rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀bi náà tọ́ sí i.

Ó pàdánù ìbò ní 2006. Àwọn alátakò tó gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, Fredrik Reinfeldt àti mínísítà ìṣúná rẹ̀ Anders Borg, kò fọwọ́ kan gbèdéke náà láti tú u. Wọ́n tún dá ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan sílẹ̀ ní 2007 tó ń yẹ ìṣúná wò lọ́dọọdún. Mo rọ̀ yín, Olóòtú, bí ẹ bá tún máa kọ apá kejì, ẹ tún ọjọ́ tó wà nínú èkíní ṣe, kí ẹ sì fi gbèdéke ọdọọdún láti 1997 sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ná gan-an, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ rí ọdún tí àlàfo àárín méjèèjì fẹ̀ àti ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan