Pùrótéènì Ọpọlọ Kì í Ṣe Ohun tí À Ń Gbé Mì

Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn kan ti ń polówó oògùn oníhóró fún àwọn àgbàlagbà lórí rédíò àti lórí fóònù. Wọ́n ní growth factor, ìyẹn pùrótéènì tí ń mú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ dàgbà, ló kún inú rẹ̀, àti pé iyè ẹni tó bá ń gbé e mì kò ní í rà. Àwọn pùrótéènì wọ̀nyí wà lóòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ń ṣe nínú ọpọlọ àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kọ́ ni wọ́n ń gbà débẹ̀.

Lára ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen ti ṣiṣẹ́ lórí NGF, àkọ́kọ́ nínú àwọn pùrótéènì wọ̀nyí, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1950. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Bóyá nítorí pé lára ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ohun tó ń dàgbà lọ́wọ́ nìkan ni àwọn pùrótéènì yìí wúlò fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kẹ́míkà ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì, àwọn pùrótéènì yìí a sì máa darí bí kẹ́míkà tó ń jáde yóò ṣe pọ̀ tó àti bí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á yóò ṣe dáhùn sí i. BDNF, òmíràn nínú wọn, tí Yves-Alain Barde àti Hans Thoenen yọ láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ní Jámánì, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1982, ni àpẹẹrẹ tó yé ni jù. Bó bá ti so mọ́ TrkB, ìyẹn ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á, glutamate, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà ìránṣẹ́ náà, tó ń jáde lè pọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ohunkóhun tó dàgbà rárá. Ní 1995, Hyejin Kang àti Erin Schuman fi hàn nínú hippocampus eku tó ti dàgbà, apá ọpọlọ tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀, pé okun tí BDNF fi kún irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè lọ. NGF ní tirẹ̀ ń gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe acetylcholine, kẹ́míkà ìránṣẹ́ mìíràn, ró, àwọn kan náà tí àrùn Alzheimer, tí ń mú iyè rà, ń bá jà. GDNF, pùrótéènì mìíràn nínú wọn, sì ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, tí òun náà jẹ́ kẹ́míkà ìránṣẹ́, lọ́wọ́.

Bí ènìyàn bá gbé irú pùrótéènì yìí mì, ikùn yóò lọ̀ ọ́ túútúú bí ó ti ń lọ ẹ̀wà. Bí a tilẹ̀ fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ààlà tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ kọjá. Èyí ló mú kí àwọn oníṣègùn ní Sweden ki ọ̀pá tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ aláìsàn Alzheimer mélòó kan kí NGF lè débẹ̀; ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn aláìsàn náà, wọ́n sì ń rù. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ da GDNF sínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Parkinson, tí ń mú ara gbọ̀n, kò ṣe ju omi tí kò ní oògùn nínú lọ. Kí ni oníhóró wá fẹ́ ṣe?

Ẹni tó fẹ́ ran ọpọlọ rẹ̀ lọ́wọ́ lè máa rìn. Nínú ìwádìí tí Kirk Erickson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 lórí àgbàlagbà 120, hippocampus àwọn tó rìn dáadáa fún ọdún kan fi nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. N kò sọ pé ìrìn ń wo Alzheimer o.

Mo rọ̀ yín, kí ẹ tó gba owó ìpolówó irú ọjà yìí, ẹ bi olówó rẹ̀ bí pùrótéènì rẹ̀ ṣe ń la ikùn kọjá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.