Ọjọ́ 10 péré ni òfin Ìjọ fún wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ti ń jà káàkiri láàárín àwa Yorùbá ọmọ Ìjọ Àgùdà ní ìhà Nyanya, l'Ábùjá níbí, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń ṣe Mísà lédè wa pa. Ọkàn àwọn ìyá ìjọ kò balẹ̀, tèmi náà kò balẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé a lè máa ṣèpàdé, ká máa sunkún, títí àsìkò tí òfin Ìjọ fún wa láti tako àṣẹ bẹ́ẹ̀ yóò fi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an. Bí wọ́n bá kàn gbé Mísà Yorùbá lọ sí aago mìíràn, ìyẹn kì í ṣe títì pa. Bí wọ́n bá fẹ́ pa páríìṣì (ìjọ àdúgbò tó ní àlùfáà tirẹ̀) pọ̀ mọ́ òmíràn, òfin 515 nínú Ìwé Òfin Ìjọ Àgùdà (Canon Law) ní kí Bíṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà fún àwa ará Àbújá, kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà. Ká tiẹ̀ ní ó pa á pọ̀, ilé náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin 1222 nìkan ló ń mú un kúrò ní ilé mímọ́: àfi bí ilé bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tàbí bí ìdí ńlá mìíràn bá wà, tí àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí i gbà, tí kò sì ní pa ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn lára. Róòmù, ìyẹn ọ́fíìsì Póòpù, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2020 pé àìtó àlùfáà tàbí àìsówó nìkan kò tó ìdí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó igbá ti lọ sílẹ̀, ẹ ní kó fi ìwé hàn.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ṣe páríìṣì, ẹ̀ka lábẹ́ páríìṣì ni wọ́n. Òfin 515 kò gbè wọ́n, 1222 ló lè gbè wọ́n, bí wọ́n bá ti ya ilé náà sí mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin 1208 ní kí ẹ̀dà ìwé ìyàsímímọ́ wà nínú àpótí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ wá a lónìí.

Ahesọ kì í ṣe àṣẹ. Àsìkò yìí ló yẹ ká fún Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní iye tí òrùlé yóò ná wa láti tún ṣe, iye ẹni tó wá sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin léra, àti owó ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó kàn.

Bí àṣẹ bá dé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sórí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10, ẹ kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà fúnra rẹ̀ pé kó yí i padà. Ó ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Bó bá kọ̀, tàbí bó dákẹ́, ẹ ní ọjọ́ 15 láti gbé e dé Róòmù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fo Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kọ̀wé sí Róòmù tààrà, Róòmù á dá a padà, ọjọ́ 10 á sì ti lọ. Kí kálukú fọwọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ tí Ìjọ kò fún ní ìdánimọ̀ kò lẹ́nu níbẹ̀.

Ẹ béèrè pẹ̀lú ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi yóò wà, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò ti gba ìwé ìrìbọmi tí Fádà yóò béèrè nígbà ìgbéyàwó.

Ọmọ Ìjọ Àgùdà kan,
Nyanya, Àbújá